Bí Aago Ọwọ́ Ìgbàlódé Ṣe Lè Sọ Òtítọ́ Nípa Eré Ìdárayá Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá fún yín lónìí dá lórí aago ọwọ́ ìgbàlódé tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní smartwatch, aago tí kì í ṣe àkókò nìkan ni ó ń sọ fún ẹni tí ó so ó mọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ó tún ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, tí ó ń wọn gígùn ọ̀nà tí ó rìn, tí ó ń sọ iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń ṣírò agbára tí ara rẹ̀ ná nígbà tí ó ń ṣe eré ìdárayá. Ẹni tí ó bá jáde ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta ní àwọn ìlú ńlá wa yóò rí i pé aago yìí ti di ohun èlò tọkùnrin tobìnrin, tàgbà tèwe, láti orí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń sáré yí pápá ká títí dé orí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí dókítà ní kí ó máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan kò tán lẹ́nu àwọn tí ń lò ó. Tọkọtaya jọ jáde nílé, wọ́n jọ tọ ọ̀nà kan náà, wọ́n jọ padà, síbẹ̀ aago ọkọ ní kìlómítà márùn-ún ni wọ́n rìn, ti ìyàwó ní mẹ́rin àti díẹ̀ ni. Ìyá kan gún iyán fún àlejò, kò kúrò nídìí odó, aago rẹ̀ sì kí i kú iṣẹ́ pé ó ti rìn dáadáa. Nítorí irú èyí, àwọn kan ti bọ́ tiwọn sọ sínú àpótí, wọ́n ní ẹ̀rọ onírọ́ ni; àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ ń gba gbogbo ohun tí ó bá sọ gbọ́ láìbi í léèrè ibi tí ó ti rí i. Lójú tèmi, apá méjèèjì ni ó ṣìnà. Aago yìí kì í purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ òtítọ́ fúnra rẹ̀. Àbá ni ó ń dá láti inú ìwọ̀nba ohun tí a bá fi hàn án, ọwọ́ ẹni tí ó so ó ni ó sì kù sí bóyá àbá náà yóò súnmọ́ òtítọ́ tàbí yóò jìnnà sí i.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lẹ́yìn àwọn nọ́ńbà tí aago ń gbé jáde. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ bíńtín kan wà tí ń mọ̀ bí ọwọ́ bá mì, bí ó bá yára, bí ó bá dẹ̀, bí ó bá dúró. Nítorí pé ọwọ́ ẹni tí ń rìn a máa fì síwá sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ, ẹ̀rọ yìí a wo ìfì ọwọ́, a sì fi ìyẹn ka ẹsẹ̀. Ní ẹ̀yìn aago náà, níbi tí ó ti kan ara, iná kékeré aláwọ̀ ewé wà tí ń tàn wọ inú awọ. Pupa ni ẹ̀jẹ̀ wa, ohun pupa a sì máa gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mì. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ọkàn bá lù, tí ẹ̀jẹ̀ sì rọ́ wọ inú iṣan ọrùn ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ tí ń padà sínú aago a dín kù, bí ẹ̀jẹ̀ náà bá sì fà sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ a tún pọ̀ sí i. Ìdínkù àti ìpọ̀sí yìí ni aago ń kà, tí ó sì ń sọ fún wa pé báyìí ni ọkàn wa ti ń lù. Lẹ́yìn èyí ni GPS, èyí tí í ṣe agbo àwọn sátẹ́láìtì tí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbé sójú òfuurufú, tí wọ́n ń yí ayé po ní ibi tí ó ga tó 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀. Ohun tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń ké láìsinmi kò ju àkókò tí ó jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ àti ibi tí ó wà. Aago ọwọ́ wa a gbọ́ ohùn mẹ́rin ó kéré tán, a wo bí ohùn kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà, a sì ti ibẹ̀ mọ ibi tí a dúró sí. Ohùn náà ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ìṣirò àkókò bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yẹ̀, 300 mítà ni a ó fi ṣìnà. Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní agbo sátẹ́láìtì tiwọn pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ aago òde òní sì ń gbọ́ ti gbogbo wọn pọ̀.

Kí a tó sọ̀rọ̀ eré sísá rárá, mo fẹ́ kí olúkúlùkù wa yẹ ohun tí aago rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ wò: ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Púpọ̀ nínú aago tí ó wà lọ́wọ́ àwọn òbí wa ni ọmọ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí láti Houston, tí ọmọ náà sì ti kọ́kọ́ lò ó fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó di ti bàbá. Ọjọ́ orí ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ó ṣì wà nínú aago tí a so mọ́ ọwọ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Báwo ni aago yóò ṣe mọ̀? Gíga ni ó fi ń díwọ̀n bí ìṣísẹ̀ ẹni ti gùn tó nígbà tí kò bá gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì. Ìwọ̀n ara ni ó fi ń ṣírò agbára tí a ná. Ọjọ́ orí ni ó fi ń mọ ibi tí ó yẹ kí lílù ọkàn ga dé. Ẹni tí ó bá sì wọn ara rẹ̀ ní kìlógíráàmù, kí ó rí i dájú pé kì í ṣe páùn ni aago ń retí, nítorí kìlógíráàmù kan ju páùn méjì lọ, àṣìṣe kan ṣoṣo yìí sì tó láti sọ gbogbo ìṣirò di asán. Ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Bí ara bá fọn tàbí tí ó sanra sí i, ẹ yí nọ́ńbà náà padà. Ẹ sì sọ fún aago ọwọ́ tí ẹ so ó mọ́. Fún ẹni tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni ó dára jù, nítorí ọwọ́ tí a fi ń jẹun, tí a fi ń kọ̀wé, tí a fi ń lọ ata, tí a sì fi ń juwọ́ sí ará àdúgbò, ọ̀pọ̀ mímì rẹ̀ ni kò kan ẹsẹ̀ rárá.

Bí a ti ń so ó tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Mo máa ń rí àwọn tí aago wọn ń yí gbirigbiri lọ́rùn ọwọ́, tí wọ́n so ó bí ohun ọ̀ṣọ́, tí wọ́n sì ń retí pé kí ó ka ọkàn wọn pé. Àlàfo tí ó bá wà láàárín aago àti awọ ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gbà wọlé tí ó fi ń da iná aláwọ̀ ewé rú, ìfò aago lórí ara sì tún ń fi ìdàrúdàpọ̀ kún un. Ẹ fà á sókè díẹ̀ kọjá eegun tí ó yọ kókó ní ọrùn ọwọ́, ní ìwọ̀n ìka kan ní ọjọ́ lásán, kí ó tó ìka méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí ẹ bá fẹ́ sáré. Ẹ fún un kí ó má lè rìn, ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ nígbà tí eré bá parí kí awọ lè mí. Òógùn, eruku, òrí àti ìpara tí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú iná náà, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún. Ẹni tí ó bá fín ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí ó so aago mọ́ ọwọ́ kejì, nítorí tàdáwà inú awọ a máa dí iná náà lọ́nà. Ní àkókò ọyẹ́ pẹ̀lú, nígbà tí òtútù òwúrọ̀ bá lé ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú awọ, aago a máa kà gátagàta títí ara yóò fi móoru, nítorí náà ẹ rìn díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí sáré.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ọ̀ràn kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, àwa ọmọ adúláwọ̀. Ohun tí ń sọ awọ wa di dúdú, tí ó sì ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn, òun náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ tí yóò padà sínú aago lára wa kéré sí ti aláwọ̀ funfun. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé oríṣi ẹ̀rọ ọwọ́ méje yẹ̀ wò lára 60 ènìyàn tí wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń sáré, tí wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́. Mẹ́fà nínú méje ni àṣìṣe wọn lórí lílù ọkàn kò ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé àṣìṣe náà pọ̀ sí i lára ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú jù àti lára ẹni tí ó sanra. Nígbà tí ó di ọdún 2020, àwọn onímọ̀ mìíràn ní yunifásítì Duke yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò lára 53 ènìyàn, láti orí ẹni tí ó pọ́n jù dé orí ẹni tí ó dú jù, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ kan gbòógì tí àwọ̀ ara mú wá. Ohun tí wọ́n rí ni pé àṣìṣe nígbà tí ènìyàn bá ń ṣe eré fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìgbà tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́ lọ. Mo rí ọgbọ́n méjì kọ́ nínú èyí. Kí àwọn tí ń ṣe aago máa dán an wò lára ènìyàn dúdú tí ó pọ̀ kí wọ́n tó kó o wá tà fún wa, ẹ̀tọ́ wa ni, a kò gbọdọ̀ dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ wa kọ́ ni ọ̀tá tí ó tóbi jù, bí kò ṣe aago tí kò lẹ̀ mọ́ ara nígbà tí ọwọ́ ń mì, ìyẹn sì wà ní ìkáwọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ìṣísẹ̀. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ọwọ́ ni aago fi ń mọ ẹsẹ̀, gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá fì ni yóò pàdánù. Ìyá tí ó gbé igbá lérí tí ó sì fi ọwọ́ dì í mú láti ilé dé ọjà, alágbàṣe tí ń ti bárò, ìyálọ́mọ tí ó gbé ọmọ sí àyà, àti ọ̀dọ́ tí ń rìn tí ó tẹjú mọ́ fóònù, gbogbo wọn ni yóò rìn tí aago kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ tán. Ní ọ̀nà kejì, ẹni tí ń gún iyán, ẹni tí ń fọ aṣọ, àti onídùndún tí ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ òde dé òpin, aago yóò ka ìṣísẹ̀ tí wọn kò gbé sí wọn lọ́rùn. Kò sí oògùn kan tí ó lè wo èyí sàn pátápátá. Ohun tí ó dára jù ni pé bí ẹ bá ń jáde fún ìrìn ìdárayá, ẹ má fi í sílẹ̀ kí aago fúnra rẹ̀ máa méfò. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ eré ìdárayá sí, ẹ yan ìrìn bí ó bá jẹ́ ìrìn, eré sísá bí ó bá jẹ́ eré sísá, kẹ̀kẹ́ bí ó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ fì fàlàlà. Ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò adágún tí a kọ́, kí ó sọ fún aago bóyá 25 mítà tàbí 50 mítà ni gígùn rẹ̀, nítorí iye ìgbà tí a dé òpin tí a sì yí padà ni ó ń kà, tí ó fi ń sọ jíjìnnà tí a lúwẹ̀ẹ́ dé.

Bí a bá sì ti ń sọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà 10,000 tí gbogbo ayé ń lé kiri yìí di ẹrù sí yín lọ́rùn. Ilẹ̀ Japan ni ó ti wá: ní ọdún 1965, lẹ́yìn ìdíje Òlíḿpíìkì tí wọ́n ṣe ní Tokyo ní ọdún tí ó ṣáájú, ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ gbé ẹ̀rọ tí ń ka ìṣísẹ̀ jáde, ó sì fi nọ́ńbà náà sínú orúkọ ọjà rẹ̀. Kì í ṣe dókítà ni ó kọ́kọ́ pa á láṣẹ. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Harvard tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn àgbà obìnrin tí ó lé ní 16,000. Wọ́n rí i pé àwọn tí ń rin nǹkan bí 4,400 ìṣísẹ̀ lójúmọ́ kò kú tó àwọn tí ń rin 2,700, àti pé èrè náà ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, lẹ́yìn èyí tí kò tún fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́.

Ní ti gígùn ọ̀nà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni èrè rẹ̀ ti tètè ń hàn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ẹni tí ó bá jáde lẹ́nu ọ̀nà tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré lójú ẹsẹ̀ kò fún aago láyè láti gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì, ó sì lè sáré dé ìdajì kìlómítà kí aago tó mọ ibi tí ó wà. Ẹ dúró ní gbangba, níbi tí ẹ ti lè rí ojú ọ̀run, títí aago yóò fi fi hàn pé òun ti ṣetán. Kí ẹ tó jáde, ẹ jẹ́ kí ó bá fóònù yín sọ̀rọ̀, nítorí láti orí fóònù ni ó ti lè gba ìròyìn ibi tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan wà ní wàrà. Bí kò bá rí i gbà níbẹ̀, yóò ní láti máa gbà á díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì fúnra wọn. Ẹ má sì fi aago sí ipò tí ń ṣún bátìrì lò nígbà tí ẹ bá fẹ́ òtítọ́, nítorí bí ó bá ń wo ibi tí ẹ wà ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré, kọ́nà mẹ́ta tí ẹ yí, ìlà tààrà ni yóò fà gba àárín wọn.

Èkó àkéte, ọmọ aromisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, ni ibi tí a ti lè rí ohun rere àti ohun búburú tí ibùgbé ń ṣe sí GPS. Ẹni tí ó bá ń sáré ní Marina, láàárín àwọn ilé gogoro, ohùn sátẹ́láìtì a kọ́kọ́ ba ara ògiri kí ó tó ta padà sí aago rẹ̀. Ọ̀nà tí ohùn náà gbà a sì gùn ju bí ó ti yẹ lọ, aago a wá rò pé ẹni náà ti fò kọjá sí òdìkejì títì. Lábẹ́ afárá, ohùn náà a tilẹ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n lórí afárá Lekki sí Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013, níbi tí àwọn asáré ń pọ̀ sí ní ìdájí, gbangba òfuurufú ni, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà kan àti 360 mítà; ẹni tí ó bá rìn ín láti etí dé etí yóò mọ̀ bóyá aago òun súnmọ́ òtítọ́.

Èyí mú mi dé orí ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni títọ́ aago sọ́nà. Bí ìyá tí ń ta ìrẹsì bá ń ṣiyèméjì bóyá wọ́n ti lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọlé, kóńgò tí ó dá a lójú ni yóò fi wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni aago nílò ọ̀nà tí a ti mọ gígùn rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe Apple Watch gba àwọn tí ń lò ó nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ sí ibi tí ó tẹ́jú, tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, kí wọ́n yan ìrìn ìta tàbí eré sísá ìta, kí wọ́n sì rìn tàbí kí wọ́n sáré bí ìṣe wọn fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀n ìyára mìíràn tí wọ́n bá máa ń lò. Ní àkókò yìí ni aago ń kọ́ bí ìṣísẹ̀ olówó rẹ̀ ti gùn tó, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí kò bá rí sátẹ́láìtì, bí ẹni pé lórí ẹ̀rọ ìsáré inú ilé, yóò lè fi ohun tí ó ti kọ́ ṣírò. Àwọn oríṣi aago mìíràn ní ọ̀nà tiwọn, tí ó wà nínú ìwé àlàyé wọn. Bí pápá ìsáré bá wà nítòsí yín, ẹ lò ó: ìlà tí ó wà nínú pátápátá ní pápá tí ó bá ìlànà mu jẹ́ 400 mítà ní yíyí kan, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí ìlà kẹjọ ju 450 mítà lọ, ẹni tí ó bá sì ń sá láti ìlà dé ìlà kò ní òṣùwọ̀n kankan lọ́wọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ẹ̀yin tí ẹ ń kópa nínú eré ìje ọlọ́nà jíjìn (marathon) tí wọ́n ń sá ní Èkó láti ọdún 2016. Lẹ́yìn eré náà ni ẹ ó máa gbọ́ tí àwọn kan ń ráhùn pé àwọn olùṣètò fi kún ọ̀nà, pé aago àwọn ní 42 kìlómítà àti 700 mítà ni àwọn sá dípò 42 kìlómítà àti 195 mítà. Ọ̀nà eré ìje tí ó gba ìwé ẹ̀rí kì í ṣe aago ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n; kẹ̀kẹ́ ni, èyí tí wọ́n so ẹ̀rọ kan tí ń ka yíyí táyà mọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1971. Ọ̀nà tí ó kúrú jù tí ẹsẹ̀ lè tọ̀ ni ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ náà ń tọ̀, tí ó ń gé kọ́nà mọ́ etí títì pẹ́kípẹ́kí, wọ́n sì ń fi mítà kan kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan kí ọ̀nà má baà kúrú. Èrò tí ó pọ̀ kì í jẹ́ kí asáré gé kọ́nà bẹ́ẹ̀, a máa yà sọ́tùn-ún, a máa yà sósì, aago náà sì ń fi àṣìṣe tirẹ̀ kún un. Ọ̀nà pé, ẹsẹ̀ asáré àti aago ni ó ṣe àfikún.

Lílù ọkàn ni ó kù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá aago òun ń ka ọkàn òun pé, kí ó fi ìka méjì, kì í ṣe àtàǹpàkò, sí abẹ́ àtàǹpàkò ọwọ́ kejì, níbi tí iṣan ti ń sọ kúlúkúlú, kí ó ka á fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kí ó ṣe é nígbà tí ó jókòó, kí ó tún ṣe é lójú ẹsẹ̀ tí ó bá dáwọ́ eré dúró. Àléébù kan wà tí àwọn asáré gbọ́dọ̀ mọ̀: ẹsẹ̀ ẹni tí ń sáré a máa lu ilẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 160 sí 180 ní ìṣẹ́jú kan, bí aago bá sì dẹ̀, a máa ṣi ìró ẹsẹ̀ gbà fún ìró ọkàn. Bí aago bá sọ pé ọkàn yín ń lù ní ìgbà 170 nígbà tí ẹ ṣì lè bá ẹnìkejì yín tàkúrọ̀sọ ní ìrọ̀rùn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹsẹ̀ ni ó ń kà; ẹ dúró, ẹ fún un, ẹ jẹ́ kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Eré tí ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, bí ìrìn àti kẹ̀kẹ́, rọrùn fún un ju ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tàbí tẹ́níìsì lọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gba pé kí nọ́ńbà náà dájú gidi, bí àwọn eléré ìdárayá wa, kí ó ra bẹ́líìtì tí wọ́n ń so mọ́ àyà, èyí tí ń gbọ́ iná mànàmáná ọkàn fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Polar ní ilẹ̀ Finland ti gbé irú rẹ̀ tí kò ní wáyà jáde láti ọdún 1982, ọ̀pọ̀ aago òde òní sì lè gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ààlà tí aago fi ń pín eré wa sí wẹ́rẹ́, sí líle, sí líle jù, orí ìṣirò ọjọ́ orí ni ó dúró lé. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni pé kí a yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220; òmíràn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001, ní kí a fi 0.7 sọ ọjọ́ orí di púpọ̀, kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú 208. Fún ẹni ogójì ọdún, 180 ni méjèèjì. Fún ẹni ọgọ́ta ọdún, ọ̀kan ní 160, èkejì ní 166. Ìpíndọ́gba ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà tí ọkàn wọn yàtọ̀ sí i láìsí àrùn kankan lára wọn.

Ní ti kálórì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí ara ná, ọ̀rọ̀ mi kò ní gùn. Nínú ìwádìí Stanford tí mo mẹ́nu bà, ẹ̀rọ tí ó ṣe dáadáa jù lórí kálórì fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà, èyí tí ó burú jù sì fi ìdá 93 ṣìnà. Ẹ má jẹun nítorí pé aago ní ẹ ti jó kálórì tó bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara yín ń fọn, ìwọ̀n ni kí ẹ gùn.

Nínú gbogbo ohun tí aago ń sọ, àkókò tí ẹ fi ṣe eré ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jù, lẹ́yìn rẹ̀ gígùn ọ̀nà tí ẹ bá rìn ní gbangba, lẹ́yìn rẹ̀ lílù ọkàn tí aago bá lẹ̀ mọ́ ara. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n fún 150 ìṣẹ́jú sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, aago tí kò tilẹ̀ ju aago lásán lọ sì lè ka ìyẹn pé. Ẹ lo aago kan náà, ẹ so ó bákan náà, ẹ fi oṣù yìí wé oṣù tí ó kọjá lára ẹ̀yin fúnra yín, kì í ṣe pẹ̀lú aago aládùúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ ní àrùn ọkàn tàbí tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ aago rọ́pò ọ̀rọ̀ dókítà. Àwọn oògùn kan wà tí ó máa ń dín lílù ọkàn kù, tí nọ́ńbà aago kò sì ní bá yín mu. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí òòyì bá kọ́ yín lẹ́nu eré, ẹ jókòó, ẹ pe ènìyàn, kí ẹ sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn, ohun yòówù tí aago ìbáà máa sọ.